Ṣọ́jà Alákoto Búlúù: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Iṣẹ́ Ìpẹ̀tùsááwọ̀ Ológun

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nípa iṣẹ́ yìí kò ju fọ́tò lọ: ọkọ̀ funfun tí wọ́n kọ UN sí lára, ṣọ́jà tó dé akoto búlúù, àwọn ọmọdé tó ń juwọ́ sí i. Fọ́tò kì í fi ìwé tó gbé ṣọ́jà náà débẹ̀ hàn, kì í sì í fi ẹni tó ń sanwó epo ọkọ̀ rẹ̀ hàn. Inú ìwé àti owó yẹn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìdáhùn ìsàlẹ̀ yìí ti jáde.

Ṣé Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé (UN) ní ọmọ ogun tirẹ̀?

Kò ní. Nígbà tí wọ́n kọ ìwé òfin àjọ náà ní 1945, abala 43 sọ pé àwọn orílẹ̀-èdè yóò bá Ìgbìmọ̀ Ààbò tọwọ́ bọ̀wé láti ya ọmọ ogun sọ́tọ̀ fún un. Títí di òní, kò sí èyí tó tọwọ́ bọ irú ìwé bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìgbàkígbà tí iṣẹ́ bá délẹ̀, UN á bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ ṣọ́jà lọ́wọ́ ìjọba kọ̀ọ̀kan. Lẹ́nu ọdún mélòó kan sẹ́yìn, Nepal, Bangladesh, Íńdíà àti Rùwáńdà ló ń fi èyí tó pọ̀ jù sílẹ̀. Aṣọ ogun ilẹ̀ rẹ̀ ni ṣọ́jà kọ̀ọ̀kan ń wọ̀. Ti UN kò ju akoto tàbí fìlà búlúù, aṣọ ọrùn àti báàjì apá lọ.

Akoto búlúù náà, ọgbọ́n ìkánjú ló bí i. Ní 1956, nígbà tí wọ́n fẹ́ kó ọmọ ogun lọ sí Suez ní Íjíbítì, wọ́n nílò ohun tí èèyàn máa fi dá wọn mọ̀ lókèèrè. Àkókò kò sí láti rán fìlà búlúù fún gbogbo wọn. Àkoto ike tí àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà máa ń dé sábẹ́ akoto irin pọ̀ nílẹ̀ ní Yúróòpù, ni wọ́n bá fín ọ̀dà búlúù sí i, wọ́n sì pín in.

Ta ló ń rán wọn, báwo ni wọ́n sì ṣe ń mọ ohun tí wọn yóò ṣe?

Ìgbìmọ̀ Ààbò ni. Ọmọ ìgbìmọ̀ náà jẹ́ 15. Ìpinnu kò lè dúró bí 9 kò bá fọwọ́ sí i, kò sì lè dúró bí Amẹ́ríkà, Rọ́ṣíà, Ṣáínà, Faransé tàbí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá wọ́gi lé e. Ìwé ìpinnu yẹn ló ń sọ iye ṣọ́jà tó pọ̀ jù tó lè lọ, iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn, àti ọjọ́ tí iṣẹ́ náà máa parí bí wọn kò bá tún fi kún un.

Kí ẹ tó bú ikọ̀ kan, ẹ wá ìwé ìpinnu rẹ̀ kà, kí ẹ sì wo ibi mẹ́ta. Ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá abẹ́ Orí Keje ìwé òfin UN ni wọ́n kọ ọ́ sí, torí orí yẹn ló fàyè gba lílo agbára. Ẹ tún wò ó bóyá ó dárúkọ dídáàbò bo ará ìlú. Ìwé ìpinnu 1270 ti oṣù Kẹwàá 1999, fún Sierra Leone, ni wọ́n sábà ń tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí àkọ́kọ́ tó kọ ọ́ gbangba lábẹ́ Orí Keje. Lẹ́yìn náà, ẹ wá gbólóhùn tó máa ń tẹ̀lé e: kí wọ́n ṣe é níwọ̀n tí agbára wọn bá mọ, ní àgbègbè tí wọ́n bá wà. Gbólóhùn kékeré yẹn ni ọ̀pọ̀ àríwísí ń fò dá. Abúlé tí kò sí nítòsí àgọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ìlérí náà.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń dúró wòran nígbà tí wọ́n ń pa èèyàn?

Ìbéèrè yìí ló le jù. Àwọn ìgbà kan wà lóòótọ́ tí wọ́n dúró wòran, a ò ní fi bò.

Ìlànà mẹ́ta ni iṣẹ́ yìí dúró lé: kí àwọn tó ń jà gbà kí wọ́n wá; kí wọ́n má ṣègbè; kí wọ́n má lo agbára àyàfi láti gba ara wọn là tàbí láti dáàbò bo iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn. Ìlànà yìí bá ibi tí ìjà ti tán mu, níbi tí tọ̀tún tòsì ti gbà láti dúró lẹ́yìn ìlà. Ó máa ń wó nígbà tí wọ́n bá kó irú ikọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ síbi tí ẹnì kan kò tíì fẹ́ dáwọ́ ìjà dúró.

Rùwáńdà ni ẹ kọ́kọ́ wò. Iye ṣọ́jà UN tí wọ́n fọwọ́ sí jẹ́ 2,548. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kíní 1994, ọ̀gágun Roméo Dallaire, olórí ikọ̀ náà, kọ̀wé sí olú ilé iṣẹ́ UN ní New York pé òun ti gbọ́ ibi tí wọ́n kó ohun ìjà pamọ́ sí, òun sì fẹ́ lọ gbà á. Wọ́n dá a lóhùn pé rárá, ìyẹn kò sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ní oṣù Kẹrin, wọ́n pa ṣọ́jà Bẹ́ljíọ̀mù 10, ìjọba Bẹ́ljíọ̀mù sì kó àwọn tó kù lọ sílé. Ní ọjọ́ 21 oṣù yẹn, tí ìpànìyàn ti gbóná, Ìgbìmọ̀ Ààbò dín ikọ̀ náà kù sí 270. Àwọn ṣọ́jà Gánà wà lára àwọn tó dúró, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tó sá di wọ́n ló sì yè. Àwọn tó pinnu láti dín wọn kù kò sí ní Kìgálì.

Srebrenica ní Bósníà, oṣù Keje 1995, kò yàtọ̀ púpọ̀. Nígbà tí wọ́n kéde àwọn ìlú ààbò ní Bósníà, àwọn ológun ní ṣọ́jà 34,000 ni àwọn nílò láti dáàbò bo gbogbo wọn dáadáa. Ìgbìmọ̀ Ààbò fọwọ́ sí 7,600. Àwọn ará Nẹ́dálándì tó wà ní Srebrenica kò tó 600, ohun ìjà ọwọ́ wọn kò sì lágbára. Àwọn ọmọ ogun Serb ilẹ̀ Bósníà pa ọkùnrin àti ọmọkùnrin tó tó 8,000. Ní 2019, ilé-ẹjọ́ tó ga jù ní Nẹ́dálándì dájọ́ pé ìjọba ilẹ̀ náà jẹ̀bi ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lórí ikú ọkùnrin 350 tí wọ́n lé jáde kúrò nínú àgọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé ilẹ̀ tó fi ṣọ́jà sílẹ̀ ni ẹjọ́ náà bá.

Ṣé wọn kì í jà rárá ni?

Wọ́n ń jà. Ní Kóńgò, láàárín 1960 sí 1964, ikọ̀ UN tó tó 20,000 ja ogun gidi ní ẹkùn Katanga tó fẹ́ yapa, títí ìyapa ibẹ̀ fi dópin ní oṣù Kíní 1963. Nàìjíríà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira nígbà náà ni, síbẹ̀ ọmọ ogun rẹ̀ wà níbẹ̀. Adekunle Fajuyi, ọmọ Adó-Èkìtì tó padà di gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, gba àmì-ẹ̀yẹ Military Cross nítorí akin tó ṣe níbẹ̀. Olusegun Obasanjo náà wà ní Kóńgò nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ọ̀gá ológun. Ní 1964, Aguiyi-Ironsi ló jẹ́ olórí gbogbo ikọ̀ ogun UN níbẹ̀.

Ní 2013, Ìgbìmọ̀ Ààbò tún ṣe ohun tí kì í sábà ṣe: ìwé ìpinnu 2098 dá ẹ̀ka ogun kan sílẹ̀ ní Kóńgò, èèyàn 3,069 láti South Africa, Tànsáníà àti Màláwì, kí wọ́n lọ kọlu àwọn ọlọ̀tẹ̀. Àwọn àti ọmọ ogun Kóńgò jọ lé ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ M23 jáde ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn. Ọdún mélòó kan lẹ́yìn náà, M23 padà wá, ó sì gba ìlú Goma ní oṣù Kíní 2025. Ìbọn lè lé ọlọ̀tẹ̀, àmọ́ kò lè yanjú ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ti ohun alùmọ́ọ́nì àti ti ìjọba alámùúlégbè tó ń ti ọlọ̀tẹ̀ lẹ́yìn.

Ṣé olórí ikọ̀ UN ló láṣẹ lórí gbogbo ṣọ́jà tó wà lábẹ́ rẹ̀?

Nínú ìwé, bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló ń sọ ibi tí wọ́n máa lọ àti ohun tí wọ́n máa ṣe. Àmọ́ ìgbéga, ìfìyàjẹni àti owó oṣù wà lọ́wọ́ ìjọba ilé, gbogbo ọ̀gá bàtálíọ̀nù ló sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Tí àṣẹ tó léwu bá dé, ó lè kọ́kọ́ pe ilé. Àwọn ìjọba kan tiẹ̀ máa ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ṣọ́jà àwọn kò ní kúrò ní ẹkùn kan, tàbí pé wọn kò ní rìn lóru. Wọ́n máa ń kọ irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ kan sínú ìwé. Àwọn mìíràn kì í hàn àfìgbà tí wàhálà bá dé. Ní èrò tiwa, irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ ti ba iṣẹ́ jẹ́ ju àìtó ìbọn lọ.

Wọ́n ní ẹni tó bá lọ iṣẹ́ UN, olówó ló máa dé. Ṣé òótọ́ ni?

Owó wà, ṣùgbọ́n ìjọba ni UN ń san án fún, kì í ṣe ṣọ́jà. Láti oṣù Keje 2018, iye tí wọ́n ń san lórí ṣọ́jà kan lóṣù jẹ́ $1,428; ní 2022, ó di $1,448. Iye kan náà ni fún gbogbo ilẹ̀. Ilẹ̀ tí owó oṣù ṣọ́jà rẹ̀ kéré lè jèrè níbẹ̀. Ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ ń fi owó ara rẹ̀ kún un. Èyí tí UN ń fún ṣọ́jà tààrà lọ́wọ́ lójoojúmọ́ jẹ́ $1.28, yàtọ̀ sí owó ìsinmi díẹ̀.

Ìjọba ilé ló ń pinnu iye tí yóò dé ọwọ́ ṣọ́jà nínú owó yẹn, àti ọjọ́ tí yóò dé e. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Keje 2008, àwọn ṣọ́jà Nàìjíríà tó ti Làìbéríà dé jáde sí ìgboro Àkúrẹ́ láti béèrè owó àjẹmọ́nú wọn. Ilé-ẹjọ́ ológun dá 27 nínú wọn lẹ́bi ní 2009, ó sì rán wọn lọ sẹ́wọ̀n gbére; wọ́n padà dín in kù sí ọdún méje.

UN fúnra rẹ̀ kì í sì í rówó san lásìkò, torí orílẹ̀-èdè tó yẹ kó dá owó ń jẹ gbèsè. Gbogbo ètò ìnáwó iṣẹ́ yìí fún 2024 sí 2025 jẹ́ nǹkan bíi bílíọ̀nù $5.6, ìpín Amẹ́ríkà ju ìdá mẹ́rin rẹ̀ lọ. Tí Amẹ́ríkà bá pẹ́ san tirẹ̀, ìjọba tó fi ṣọ́jà sílẹ̀ náà á pẹ́ gbowó, ọjọ́ owó àjẹmọ́nú ní báráàkì á sì tún sún síwájú.

Ta ló ń pèsè ọkọ̀, ìbọn àti dókítà?

Ìjọba tó rán ṣọ́jà ló ń kó èyí tó pọ̀ jù lọ, UN á sì máa san owó lílò rẹ̀. Ọ̀nà méjì ló wà. Nínú èyí tí wọ́n sábà ń yàn, ìjọba ló ń kó ọkọ̀ wá, òun ló ń tún un ṣe, òun ló sì ń pèsè ẹ̀yà ara rẹ̀. Owó náà pọ̀ díẹ̀. Nínú ìkejì, ọkọ̀ nìkan ló ń gbé wá, ẹlòmíràn ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Omi, epo àti oúnjẹ tútù ń wá láti ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe UN. Ìkòkò, ibùsùn, jẹnẹrétọ̀ àti ilé ìwòsàn kékeré, ṣọ́jà ló ń gbé wọn wá látilé.

Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni àwọn olùyẹ̀wò UN máa ń kà wọ́n. Ọkọ̀ tí kò bá ṣiṣẹ́ kò ní owó. Ohun tó sábà ń bàjẹ́ ni táyà, bátìrì, ẹ̀rọ rédíò àti àwọn ẹ̀yà ara tí ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n ti pa tì. Bàtálíọ̀nù lè ní ọkọ̀ onírin 20 lórí ìwé kí èyí tó lè jáde má tó ìdajì. Tí ìbùba bá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tó lè jáde nìkan ni wọn yóò fi lọ.

Ní ti ìtọ́jú, òfin wọn ni 10-1-2: ìtọ́jú àkọ́kọ́ láàárín ìṣẹ́jú 10, ìtọ́jú tó jinlẹ̀ láàárín wákàtí 1, iṣẹ́ abẹ láàárín wákàtí 2. Kò ṣeé ṣe láìsí hẹlikópítà, hẹlikópítà ni ó sì ṣòro jù láti rí gbà lọ́wọ́ ìjọba èyíkéyìí.

Ṣọ́jà 15,000 kì í ṣe kékeré. Kí ló dé tí wọn kì í fi í tó?

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bàtálíọ̀nù kan sábà máa ń tó 850. Ẹ yọ alásè, awakọ̀, mẹkáníìkì, nọ́ọ̀sì, àwọn tó ń bójú tó rédíò àti iná, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti ti àyíká àgọ́ lọ́sàn-án lóru, àwọn tó ń sin ọkọ̀ oúnjẹ, àwọn tó lọ ìsinmi àti àwọn tí ibà dá dúbúlẹ̀. Èyí tó ṣẹ́kù láti fi ẹsẹ̀ rìn yíká abúlé lẹ́ẹ̀kan náà kò pọ̀ rárá. Kóńgò, bí àpẹẹrẹ, fẹ̀ ju Nàìjíríà méjì lọ, ojú ọ̀nà rẹ̀ kò dára, òjò sì ń ba èyí tó wà jẹ́. Ibi tí ó yẹ kí èèyàn dé ní wákàtí kan lè gba odindi ọjọ́.

Ìgbà tí wọ́n ń dé náà ń pẹ́. Lẹ́yìn ìwé ìpinnu, UN á wá ilẹ̀ tó gbà, wọn á lọ wo ibẹ̀, wọn á bára wọn ṣàdéhùn lórí ohun èlò, wọn á kó ẹrù sínú ọkọ̀ ojú omi, wọn á tún fi ọkọ̀ ilẹ̀ gbé e láti èbúté. Oṣù mẹ́fà sí ọdún kan kì í ṣe ohun ìyanu.

ECOMOG ńkọ́? Ṣé UN náà ni?

Rárá. ECOWAS ló dá ikọ̀ ológun ECOMOG sílẹ̀ ní 1990 fún Làìbéríà, Nàìjíríà ló sì gbé ẹrù tó pọ̀ jù. Wọ́n jà ju bí ikọ̀ UN ṣe máa ń jà lọ, torí kò sí àlàáfíà kankan nílẹ̀ tí wọ́n lè máa ṣọ́: ní ọjọ́ 9 oṣù Kẹsàn-án 1990, inú olú ilé iṣẹ́ wọn ní èbúté Monrovia gan-an ni àwọn ọmọ ogun ọlọ̀tẹ̀ Prince Johnson ti mú Samuel Doe, Ààrẹ Làìbéríà. Ó sì ṣẹlẹ̀ pé ikọ̀ agbègbè a máa pààrọ̀ fìlà. Ní oṣù Kẹjọ 2003, àwọn ṣọ́jà ECOWAS, tí Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ Monrovia. Ní oṣù Kẹwàá, wọ́n dé fìlà búlúù, wọ́n sì di ara ikọ̀ UN tó wà níbẹ̀ títí di 2018.

Ṣé gbogbo wọn ni ṣọ́jà?

Rárá. Ọlọ́pàá wà, olùwòye ológun tí kì í gbé ìbọn wà, agbẹjọ́rò, ẹlẹ́ńjìnnì àti ògbufọ̀ náà wà. Ní 2007, ikọ̀ ọlọ́pàá Íńdíà kan tó dé Làìbéríà jẹ́ obìnrin délẹ̀délẹ̀.

Iṣẹ́ ìgbádùn ni, àbí?

Ẹni tó kú sẹ́nu rẹ̀ láti 1948 ti ju 4,300 lọ. Àìsàn àti ìjàǹbá, pàápàá ti ọkọ̀, pa púpọ̀ nínú wọn. Iye tí ìbọn àti bọ́ǹbù pa kò tó ìdajì. Máálì ló yí èyí padà: ikọ̀ tó wà níbẹ̀ láti 2013 sí 2023 pàdánù èèyàn tó ju 300 lọ, bọ́ǹbù àtọwọ́dá tí wọ́n rì mọ́ ojú ọ̀nà ló sì ń dẹ́rù bani jù. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kejìlá 2021, irú bọ́ǹbù bẹ́ẹ̀ pa ṣọ́jà Tógò méje nítòsí Bandiagara. Ní Haskanita, ní Darfur, ní oṣù Kẹsàn-án 2007, àwọn ọlọ̀tẹ̀ kọlu àgọ́ Ìṣọ̀kan Áfíríkà, wọ́n sì pa èèyàn 10. Ọmọ Nàìjíríà ni 7 nínú wọn.

Tí wọ́n bá hùwà ìbàjẹ́ sí ará ìlú, ta ló ń fìyà jẹ wọ́n?

Ìjọba ilé wọn nìkan. Àdéhùn tí wọ́n bá ilẹ̀ tó gbà wọ́n ṣe sọ pé ilé-ẹjọ́ ibẹ̀ kò lè gbọ́ ẹjọ́ ṣọ́jà. UN lè ṣèwádìí, ó lè dá ṣọ́jà padà sílé, kò lè rán an lẹ́wọ̀n. Ibi tí ara ń ta àwọn èèyàn jù nìyí, ó sì yẹ kó ta wọ́n. Láti 2016, ìwé ìpinnu 2272 gbà pé kí wọ́n lé odindi ikọ̀ lọ bí ìwà náà bá ti tàn kálẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2021, wọ́n dá nǹkan bíi 450 ṣọ́jà Gabon padà láti Central African Republic.

Ìjàǹbá tí kò ti ọwọ́ ìwà ìbàjẹ́ wá náà wà. Ní oṣù Kẹwàá 2010, ẹ̀gbin àgọ́ àwọn ará Nepal nítòsí Mirebalais ní Háítì ṣàn wọnú odò, àìsàn onígbáméjì sì bẹ́ sílẹ̀. Ó pa nǹkan bíi 10,000 èèyàn. Oṣù Kejìlá 2016 ni Ban Ki-moon, akọ̀wé àgbà UN nígbà náà, tó tọrọ àforíjì. Kòtò ìgbọ̀nsẹ̀ àti páìpù tí wọn kò ṣe dáadáa ló fa gbogbo rẹ̀. Ohun tí ẹlẹ́ńjìnnì kan ì bá ti rí lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Ìjọba ilẹ̀ náà lè lé wọn lọ?

Ó lè ṣe é. Íjíbítì ṣe é ní 1967, Máálì sì ṣe é ní oṣù Kẹfà 2023. Ní ìparí ọdún náà, wọ́n ti lọ.

Ǹjẹ́ iṣẹ́ yìí tiẹ̀ ń yọrí sí rere?

Ní Sierra Leone, ó yọrí. Ní oṣù Karùn-ún 2000, ọlọ̀tẹ̀ RUF mú nǹkan bíi 500 nínú ọmọ ogun UN, gbogbo ayé sì ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Dípò kí wọ́n dín in kù bíi ti Rùwáńdà, wọ́n fi kún un títí ó fi di 17,500, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì kó ọmọ ogun tirẹ̀ wá lọ́tọ̀. Wọ́n gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ajagun, ìdìbò wáyé, wọ́n sì kógbá sílé ní oṣù Kejìlá 2005. Namibia náà yọrí ní 1990. Ní Sáípírọ́sì, wọ́n ti wà láti 1964; ogun bẹ́ ní 1974, àmọ́ láti ìgbà náà ogun kò tún bẹ́, ọ̀rọ̀ kò sì tán. Bóyá ìyẹn jẹ́ àṣeyọrí tàbí kò jẹ́, àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ náà gan-an kò fohùn ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

Ọmọ mi fẹ́ di ṣọ́jà UN. Ta ni ká lọ bá?

Kò sí fọ́ọ̀mù tí ará ìlú ń gbà fún un. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ ọmọ ogun ilẹ̀ rẹ̀, ilé iṣẹ́ ológun ló sì máa yan bàtálíọ̀nù tó máa lọ. Ní Nàìjíríà, Jaji ní Kaduna ni wọ́n ti ń gba ẹ̀kọ́ ṣáájú ìrìnàjò. Ọlọ́pàá tó bá fẹ́ lọ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ó kéré tán ọdún márùn-ún, kó mọ ọkọ̀ wà, kó sì yege ìdánwò èdè. Iṣẹ́ alágbádá wà lórí careers.un.org, ti olùyọ̀ǹda ara ẹni sì wà lórí unv.org. UN kì í gba kọ́bọ̀ ní ìpele kankan. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ san owó fọ́ọ̀mù, owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tàbí owó ìwé ìlera, gbájúẹ̀ ni.

Ọ̀rẹ́kùnrin ẹ̀gbọ́n mi lórí Facebook ní ọ̀gá ológun UN ni òun, ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n lè fún òun ní ìsinmi. Ṣé wọ́n ń ṣe bẹ́ẹ̀?

Wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìsinmi ṣọ́jà jẹ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ ló ń fọwọ́ sí i, ìdílé tàbí olólùfẹ́ kì í san nǹkan kan. Kò sí àpótí wúrà tó nílò owó kọ́sítọ́ọ̀mù, kò sì sí hẹlikópítà tí wọ́n máa ń háyà láti gbé ṣọ́jà kúrò lójú ogun. Fọ́tò tó fi ránṣẹ́ sábà máa ń jẹ́ ti ṣọ́jà gidi kan tí wọ́n jí. Kí ẹ̀gbọ́n yín béèrè fún fídíò ojúkojú. Àwáwí ló máa tẹ̀lé e, pé ibi tí òun wà kò gbà á láyè, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ṣọ́jà ń fi fóònù bá ìdílé wọn sọ̀rọ̀ láti àgọ́. Bí owó bá ti lọ, ẹ pe báńkì lójú ẹsẹ̀ kí wọ́n tó kó o kúrò nínú àkántì tó wọ̀, ẹ fi gbogbo ọ̀rọ̀ tí wọ́n jọ sọ pamọ́ láìpa ìkankan rẹ́, kí ẹ sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì EFCC tó wà nítòsí yín.